Títọ Ipasẹ̀ Ọdún 1976: Láti Brands Hatch Dé Maranello

Ọjọ́bọ̀, Brands Hatch

Ẹ̀gbọ́n mi ló ni èrò ìrìn-àjò yìí. Èmi ni mo ni ọkọ̀. Mẹkáníìkì ni wọ́n. Mushin ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí Kérésìmesì tí wọn kì í dá ìjà kan náà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ: pé James Hunt kò fi ọkọ̀ wíwà gba adé Formula 1 ọdún 1976, pé àwọn adájọ́ ló fi bírò gbé e fún un. Èmi kì í gbà. Lọ́dún yìí a gba ìsinmi papọ̀, a ní ká tọ ipasẹ̀ ọdún náà láti pápá kan dé òmíràn, ìwọ̀nba ibi tí mọ́tò lè gbé wa dé.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí n là á kíákíá. Ìdíje 16 ló wà lọ́dún yẹn, láti 25 oṣù Kìíní ní Interlagos ní Brazil, títí dé 24 oṣù Kẹwàá ní Fuji ní Japan. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní gba máàkì 9, èkejì 6, ẹ̀kẹta 4, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀lé wọn gba 3, 2 àti 1. Niki Lauda, ọmọ Austria tó ń wa Ferrari, ló gba adé 1975. Hunt, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kò tilẹ̀ ní ọkọ̀ tí yóò wà nígbà tí 1975 ń parí lọ, torí owó ti tán lọ́wọ́ Lord Hesketh tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àfi bí Emerson Fittipaldi ṣe fi McLaren sílẹ̀ lójijì, tó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí àwọn méjèèjì ní ní Brazil, ni ààyè bá ṣí fún Hunt ní McLaren. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Hunt ní 69, Lauda ní 68.

A gba ọ̀nà A20 wọ Kent. Kọ́nà àkọ́kọ́ ní pápá Brands Hatch ni wọ́n ń pè ní Paddock Hill, tẹlifíṣọ̀n sì máa ń rẹ́ ẹ jẹ. Lórí tẹlifíṣọ̀n ó dà bíi kọ́nà lásán. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí i pé ńṣe ni ilẹ̀ já lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀nà ti tún ń gòkè lọ sí Druids, kọ́nà kejì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní 18 oṣù Keje. Lauda ló wà níwájú. Clay Regazzoni, tí òun náà ń wa Ferrari, fẹ́ já a gbà ní Paddock Hill, ọkọ̀ méjèèjì kan ara wọn, ti Regazzoni sì yí bìrí sáàárín ọ̀nà. Hunt kò ríbi yà sí. Ọkọ̀ rẹ̀ gun táyà, ó fò sókè, nígbà tó sì balẹ̀ kò tún lè rìn bó ṣe yẹ. Wọ́n dá ìdíje dúró. Hunt rọra wa ọkọ̀ náà gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì rẹ̀, láìyípo pápá tán.

Àwọn aláṣẹ ní kò gbọdọ̀ bá wọn tún un bẹ̀rẹ̀. Ni àwọn èrò bá figbe ta. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ìbínú, wọ́n ń ju agolo sórí pápá, ó sì hàn pé ìdíje kankan kò ní wáyé lọ́jọ́ náà bí kò bá sí Hunt níbẹ̀. Níbi tí ẹnu àwọn àgbààgbà ti ń há, àwọn mẹkáníìkì McLaren ń tún ọkọ̀ ṣe ní tiwọn. Nígbà tí ìpinnu yóò fi jáde, ọkọ̀ ti ṣe tán.

“Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Lauda lẹ́nu, Hunt já a gbà ní Druids, ó sì wọlé lẹ́ni àkọ́kọ́. Ferrari pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 24 oṣù Kẹsàn-án, ó lé ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gba 9 yẹn lọ́wọ́ Hunt, wọ́n sì fún Lauda, torí Hunt kò parí ìyípo kó tó padà wọlé.

“Ọ́fíìsì,” ni Ẹ̀gbọ́n wí, wọ́n sì ṣẹ́jú sí mi.

“Bọ̀dá mi, Hunt ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Báwo ni ìyẹn ṣe wá gbé adé fún un?”

“Dúró ná, a ò tíì dé Jarama.”

Ọjọ́ Ẹtì, Folkestone, Zolder, Adenau

Òru la gbéra. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni Ẹ̀gbọ́n ṣì ń lò, nítorí náà a fi àkókò sílẹ̀ fún àwọn onífisà. Ó dáa bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tó wà nínú àpótí yẹn tú ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó béèrè ibi tí à ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ní, “Nürburgring.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní ká rọra wakọ̀, ó sì tẹ òǹtẹ̀. Ìṣẹ́jú 35 ni ọkọ̀ ojú irin fi gbé wa gba abẹ́ òkun dé Calais. Mọ́ínmọ́ín la fi ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Jarama, nítòsí Madrid, jìnnà sí ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà Belgium ni Ẹ̀gbọ́n ti rò ó. Ní 2 oṣù Karùn-ún 1976 ni Hunt borí níbẹ̀. Òfin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi ìdíje náà, ó fi ààlà sí bí ọkọ̀ ṣe gbọdọ̀ fẹ̀ tó. Nígbà tí wọ́n wọn McLaren lẹ́yìn ìdíje, ó fi sẹ̀ntímítà 1.8 fẹ̀ jù. Wọ́n fagi lé e, Lauda sì di ẹni àkọ́kọ́. McLaren náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nínú oṣù Keje wọ́n ní ìjìyà náà pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, wọ́n dá 9 padà fún Hunt, Lauda sì padà sí ipò kejì. Ohun tó ń bí Ẹ̀gbọ́n nínú nìyí. Lójú tiwọn, ìwọ̀n ni ìwọ̀n: bí nọ́ọ̀tì bá fi díẹ̀ tóbi jù, kò ní wọlé, ẹ kò sì lè pe nọ́ọ̀tì lẹ́jọ́.

Èmi ní kí wọ́n rántí Lauda lọ́jọ́ yẹn. Katakata ló yí dà lé e lórí nílé rẹ̀ ní Austria kó tó di ọjọ́ ìdíje, eegun ìhà rẹ̀ fọ́, ó sì tún wakọ̀ wọlé ní ipò kejì. Wọ́n gbà pé ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí mẹkáníìkì nìkan ló máa ń gbádùn. Nígbà tí McLaren fẹ́ mú ọkọ̀ bá òfin mu, wọ́n sún táyà wọlé, wọ́n sì ṣí kúlà ọ́ìlì nípò padà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ kò ti gbọ́ràn mọ́. Ní Zolder, ní 16 oṣù Karùn-ún, Lauda borí, Regazzoni ṣe èkejì, ọkọ̀ Hunt kú sọ́nà. Ní Monaco, Lauda tún ni. Ní Sweden, Tyrrell onítáyà mẹ́fà ló ṣe ipò kìíní àti èkejì, mẹ́rin kéékèèké níwájú, méjì ńlá lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé bí síàríǹ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, n kò sì lè tún un sọ fún yín. Ìgbà tí McLaren dá kúlà ọ́ìlì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí France ni ara ọkọ̀ yá, tí Hunt sì borí.

A yà wo Zolder fúnra rẹ̀. Pápá kékeré ni láàárín igi ahóyaya, kò gba àkókò. Ohun ìrántí Gilles Villeneuve, awakọ̀ Ferrari tí ìjàǹbá pápá náà pa ní 8 oṣù Karùn-ún 1982, wà níbẹ̀. A dúró díẹ̀, a lọ. Òkùnkùn ti ṣú kí a tó dé Adenau nínú òkè Eifel. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi búrẹ́dì rírún dín ni wọ́n gbé fún wa, ó bo àwo mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bu ata gígún tí wọ́n gbé láti ilé sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bergwerk

Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí Nürburgring. Ní 1976, apá Nordschleife tí wọ́n ń lò fún ìje gùn tó kìlómítà 22.8, ó ń yí inú igbó àti orí òkè ká, ó gba ẹ̀bá Adenau níhìn-ín kọjá. Nínú gígùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òjò lè máa rọ̀ lápá kan kí oòrùn máa ràn lápá kejì. Kò sí iye àwọn apaná tó lè dúró tán síbẹ̀. Ní 1975 Lauda ló kọ́kọ́ wa gbogbo rẹ̀ ká láìpé ìṣẹ́jú méje, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní ojora ló mú un nígbà tó ní kí àwọn awakọ̀ má ṣe díje níbẹ̀ ní 1976. Wọ́n dìbò. Ìbò tirẹ̀ kò tó.

A gba ọ̀nà ẹsẹ̀ láti Breidscheid gun inú igbó lọ. Irin ìdábùú ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni koríko àti igi. Kọ́nà òsì tó yá wà ṣáájú kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Bergwerk; orúkọ Lauda ni wọ́n fi ń pè é lónìí. Bí ẹni kò bá mọ̀, kò sí ohun tí yóò dá a dúró níbẹ̀.

Ní 1 oṣù Kẹjọ, ọ̀nà tutù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì lo táyà òjò. Jochen Mass ló fi táyà dídán gbéra, nígbà tí ọ̀nà sì gbẹ, òun ló jèrè. Lauda àti Hunt wọlé pààrọ̀ táyà lẹ́yìn ìyípo kìíní. Lauda ń sáré kó lè bá àwọn tó ti lọ. Ní kọ́nà yìí ni ọkọ̀ rẹ̀ yà pátá sápá ọ̀tún, ó kọlu ògiri ilẹ̀, ó gbiná, ó sì ta padà sáàárín ọ̀nà. Guy Edwards yà fún un. Brett Lunger kò lè yà, ó kọlù ú. Ọkọ̀ Harald Ertl náà kọlu àwọn yẹn. Akoto Lauda ti bọ́ lórí rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ ló yọ ọ́. Edwards, Lunger àti Ertl ń bá iná jà, Arturo Merzario sì dé, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó wọ inú iná lọ tú bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì yẹn kò rọrùn láti tú, torí ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń jà, ó sì ń fà á le. Merzario ti wa Ferrari rí kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ. Ẹ̀gbọ́n ní bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kí wọ́n fún ní ife-ẹ̀yẹ lọ́dún yẹn, òun ni, n kò sì bá wọn jiyàn. Láti ibi tí a dúró, a kò rí ilé kan, a kò rí ọ̀nà tí ọkọ̀ apaná ìbá gbà wọlé kíákíá. Ohun tí Lauda ń sọ kí wọ́n tó dìbò nìyẹn.

Lauda ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Kì í ṣe ojú tó jóná nìkan ló fẹ́ pa á. Èéfín tó fà símú ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù Adenau, wọ́n tún gbé e lọ, títí ó fi dé Mannheim, níbi tí fadà ti wá ṣe ètò ìkẹyìn fún un. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ìbínú sí fadà náà wà lára ohun tó mú òun gbìyànjú láti yè.

Wọ́n tún ìdíje bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Chris Amon kọ̀ láti wọ ọkọ̀. Hunt borí. Formula 1 kò padà sí Nordschleife mọ́. Hockenheim ni wọ́n lọ lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Àìkú, Nordschleife

Àwọn ará ìlú lè sanwó kí wọ́n wa ọkọ̀ tiwọn lórí Nordschleife lọ́jọ́ tí kò bá sí ìdíje. Mo ti ka òfin rẹ̀ tán kí a tó kúrò nílé: ẹ kò gbọdọ̀ gba ọ̀tún já ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá sì ba irin ìdábùú jẹ́, ẹ̀yin lẹ óò san án. Ẹ̀gbọ́n ló wa ọkọ̀. Mo di ẹnu-ọ̀nà mú.

Hatzenbach, ó ń yí sọ́tùn-ún sósì bí kò ṣe ní dáwọ́ dúró. Flugplatz, ikùn mi gòkè. Fuchsröhre, ọ̀nà já lọ sínú kòtò, ó tún gòkè kíákíá, Ẹ̀gbọ́n sì ń pariwo orúkọ ọlọ́run oríṣiríṣi. Àwọn Porsche ń kọjá lósì wa bí ẹni pé a jókòó sójú kan. Nígbà tí a dé apá ibi tí a dúró lánàá, ó kọjá lọ kí n tó tọ́ka sí i. Ẹsẹ̀ ló ti mú kí n mọ̀ ọ́n. Láti inú ọkọ̀, kọ́nà kan lára ọ̀pọ̀ ni. Ní Karussell, táyà wọ inú kòtò kọnkéré, gbogbo ọkọ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí a jáde sí ọ̀nà gbọọrọ tó kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n ní, “Búréèkì ń rùn.” Wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní kò sí wàhálà, ká jẹ́ kó sinmi.

Nígbà tí a ń mu kọfí, wọ́n sọ ohun kan tí mo kọ sílẹ̀: ìyípo 14 ni ìdíje 1976. Ìyípo kan ṣoṣo ti tó wọn, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní òrùlé, rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù.

Ọjọ́ Ajé, sí gúúsù

Ọkọ̀ wíwà lásán ni ọjọ́ yìí. A kọjá Mannheim ní ọ̀sán, a kò yà. Basel la sùn sí nítòsí, ibùsùn wọ́n gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Gotthard

A ra òǹtẹ̀ ọ̀nà Switzerland, 40 fránkì, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Lẹ́nu ihò Gotthard, ọkọ̀ tò dé ibi tí ojú kò tó. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ yìí ni ìjà tó ti ń bẹ láàárín wa láti ọjọ́ pípẹ́ parí, bí kì í bá tilẹ̀ ṣe pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n tún ń wí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Mo fa páálí bísíkíìtì ya, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìdájọ́ méjì ló wà, Jarama àti Brands Hatch. Mo ní ká gbà bí Ẹ̀gbọ́n ṣe fẹ́, ká yí àwọn méjèèjì padà, kí ohun tí aláṣẹ pápá kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ ìdíje dúró.

Jarama ná. Bí wọn kò bá dá 9 padà fún Hunt, 69 rẹ̀ á di 60. Lauda á di ẹni àkọ́kọ́, 6 rẹ̀ á di 9, 68 á di 71.

Ó wá kan Brands Hatch. Bí wọn kò bá gba ti Hunt, 9 yẹn á padà, 60 á di 69. Lauda á padà sí ipò kejì, 9 rẹ̀ á di 6, 71 á di 68.

Ẹ̀gbọ́n gba páálí lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi fóònù ṣe é. Wọ́n tún un ṣe. Hunt 69, Lauda 68, bákan náà gẹ́lẹ́. Ohun tí adájọ́ kan fún Hunt ni adájọ́ kejì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, máàkì kan kò sì ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ọ́fíìsì.

“Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yí ńkọ́?”

Mo gbà pé ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ọ́fíìsì má dá sí i kò lè mú èyí tó wù ú kó fi èkejì sílẹ̀.

Ibi tí ọdún náà ti yí gan-an, páálí yẹn kan náà ló fi hàn. Nínú ìṣirò ìkẹyìn, kí wọ́n tó dé Nürburgring, Lauda ní 61, Hunt ní 26. Máàkì 35 ló wà láàárín wọn. Hunt gba 9 lọ́jọ́ iná yẹn. Lauda kò sí ní Austria, níbi tí Hunt ti gba 3. Kò sí ní Zandvoort, níbi tí Hunt ti borí ní 29 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 29. Máàkì 21 nínú ìdíje mẹ́ta. (Ní Austria yẹn, John Watson ló borí fún Penske, ó sì fá irùngbọ̀n rẹ̀ torí tẹ́tẹ́ tó bá ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ta. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má yọ ìyẹn kúrò.)

Nígbà tí a jáde lápá kejì òkè, oòrùn ń ràn, èdè ara pátákó ọ̀nà sì ti di ti Italy. A kọjá Lugano, ní agbègbè Ticino tí Regazzoni ti wá. Ó jẹ́ ohun ìjọlójú pé Switzerland ni ọmọ bíi tirẹ̀ ti wá, orílẹ̀-èdè tó fòfin de ìdíje mọ́tò lórí pápá lẹ́yìn ìjàǹbá Le Mans ọdún 1955, tó pa èèyàn tó lé ní 80. Alẹ́ la dé Monza.

Ọjọ́rú, Monza

Inú ọgbà ńlá tó jẹ́ ti ọba nígbà kan ni pápá yìí wà, wọ́n kọ́ ọ ní 1922. Àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, lójijì ẹ óò sì rí ògiri kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sókè: pápá àtijọ́ tí ọkọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sáré. Wọn kò lò ó mọ́. A gbìyànjú láti gun un dé òkè. Ẹ̀gbọ́n dúró ní ìdajì, wọ́n ní orúnkún àwọn kì í ṣe ti ọdún 1976.

Ní 12 oṣù Kẹsàn-án ni Lauda padà síbí, ọjọ́ 42 lẹ́yìn Bergwerk. Ferrari ti gba Carlos Reutemann láti rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n kó wá. Awọ orí rẹ̀ kò tíì jiná. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti lọ púpọ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò lè ṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù mú òun lọ́jọ́ Ẹtì tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò lè wakọ̀, pé ìgbà tí òun padà sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí òun rò ó dáadáa ni òun pinnu láti rọra bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ipò kẹrin ló ṣe, ó tẹ̀lé Ronnie Peterson, Regazzoni àti Jacques Laffite. Nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ tó fi bo orí lábẹ́ akoto, ẹ̀jẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọgbẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Hunt níbí kò gbayì. Wọ́n yẹ bẹntiróòlù McLaren àti ti Penske wò, wọ́n ní ó lágbára ju bí òfin ṣe wí, wọ́n sì rán òun, Mass àti Watson lọ sẹ́yìn pátá. Níbi tó ti ń gbìyànjú láti wá síwájú ló ti wọ inú yanrìn. Àwọn èrò Monza yọ̀ gidigidi. Lẹ́yìn ìdájọ́ Brands Hatch tó jáde ní ọjọ́ 12 sígbà náà, ó di 64 sí 47. Ìdíje mẹ́ta ló kù, Hunt sì ní láti máa borí. Ó borí ní Mosport ní Canada, ó borí ní Watkins Glen ní Amẹ́ríkà, Lauda ṣe ẹ̀kẹta níbẹ̀. 68 sí 65.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá Hunt tó gbangba sùn lọ́yẹ́, ìdíje méjì yẹn ni kó lọ wò. Wọ́n sábà máa ń sọ ti ọtí, obìnrin àti bó ṣe máa ń bì kó tó wọ ọkọ̀. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń sọ pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ ló lọ borí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.

Ọjọ́bọ̀, Maranello

Ilé musíọ̀mù Ferrari. Ẹ̀gbọ́n wólẹ̀ síwájú ọkọ̀ ìran 312T kan, ẹ̀ṣọ́ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 12 tó nà gbalaja sílẹ̀, mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, kí ìwúwo má baà wà lókè. Mauro Forghieri ló ṣe é, ó sì dá àpótí gíà dùbúlẹ̀ ní ìbú. Ìyẹn ni T inú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ya gbogbo rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀ṣọ́ náà. Ọkùnrin yẹn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń mi orí, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

A rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà Fiorano, pápá tí Ferrari fi ń dán ọkọ̀ wò. Níbí ni Lauda ti kọ́kọ́ tún wakọ̀ kó tó lọ sí Monza. A jókòó jẹun ní òdìkejì ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì kan Fuji.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà bí ọ̀run ti ya, ìkùukùu bo òkè, wọ́n sún ìbẹ̀rẹ̀ síwájú fún ìgbà pípẹ́. Lauda yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó sọ̀kalẹ̀. Forghieri ní àwọn yóò sọ fáyé pé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Lauda ní rárá, òun ló pinnu rẹ̀. Fittipaldi, Carlos Pace àti Larry Perkins náà fi ọkọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní adé lọ́wọ́ tí wọ́n lè pàdánù.

Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n yóò bínú sí i. Wọ́n ní, “Akínkanjú tó mọ ogun jà tí kò mọ ogun sá ni ogun ń bá lọ. Ojú tí kò lè ṣẹ́, nínú òjò yẹn? Kí ló fẹ́ rí?”

Hunt wà níwájú fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, táyà òjò rẹ̀ ń jẹ, kò sì wọlé pààrọ̀ rẹ̀. Ìyípo díẹ̀ ló kù nígbà tí táyà lápá òsì jò. Ó wọlé, ó jáde ní ipò karùn-ún, inú rẹ̀ ru, ó ń já èèyàn gbà láìmọ iye tó kù. Mario Andretti borí, Patrick Depailler ṣe èkejì, Hunt ṣe ẹ̀kẹta. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń ké mọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ táyà, wọ́n ní láti pariwo mọ́ ọn pé òun ló gba adé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ipò kẹrin ìbá tó o: 68 sí 68 ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n Hunt borí lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́dún yẹn, Lauda lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ferrari ṣì gba ife àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, 83 sí 74 ti McLaren. Lauda gba adé padà fún Ferrari ní 1977, nígbà tó sì ti gbà á tán, ó fi wọ́n sílẹ̀, kò dúró wa ìdíje méjì tó kù. Ní 1984, nínú McLaren, ó tún gba ọ̀kan, ìdajì máàkì ló fi ju Alain Prost lọ. Hunt kú ní 1993, ọmọ ọdún 45 péré. Lauda kú ní 2019. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà tí àwọn méjèèjì kò tíì ní nǹkan kan, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti ń wo máàpù lórí fóònù. Wọ́n ní bí a bá gba Mont Blanc, tí a sì sùn lẹ́ẹ̀kan sójú ọ̀nà, a lè yà sí Zandvoort kí a tó dé Calais. Mo ní Zandvoort kò sí lójú ọ̀nà Calais. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ ṣì dáa, àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò.